Màlúù ti jẹ ọ̀dàn ìjọba dé ilẹ̀: ṣé ẹyẹ ṣì lè wà níbẹ̀?

Ará Sioux Falls béèrè:

Ẹ̀yin ọdẹ tó ń gbé lápá Dakota, Nebraska àti Kansas, ọ̀rọ̀ ọ̀dàn ìjọba ni mo gbé wá. Ilẹ̀ gbogbo ènìyàn ni, owó orí wa ló ń tọ́jú rẹ̀, síbẹ̀ màlúù aládàáni ló ń jẹ̀ nínú rẹ̀ láti oṣù Karùn-ún títí di ìgbà tí wọ́n bá ṣí ọdẹ ní oṣù Kẹsàn-án. Lórí pápá kan lápá àárín South Dakota, koríko ò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ fún nǹkan bíi ìdajì máìlì. Pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná ti jó o, ilẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ta ni kò mọ ohun tí màlúù ń fojú oko rí nílé? Mo ń múra àtikọ̀wé ẹ̀hónú sí Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ náà, pé kí wọ́n kó gbogbo màlúù jáde, kí wọ́n sì fòfin de iná. Ta ló máa bá mi fọwọ́ sí i? Ẹni tó bá sì mọ ibi tí sharptail àti prairie chicken, ẹyẹ ọ̀dàn méjì tí à ń dọdẹ, máa ń fara pamọ́ sí nígbà tí koríko bá kúrú báyìí, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi.

---

Ọdẹ Aparò:

Àbúrò, mi ò ní fọwọ́ sí i. Ohun tó ń bí ọ nínú kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí o fẹ́ pè lẹ́jọ́ kọ́ ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn National Grassland yìí, ìyẹn ọ̀dàn ìjọba, oko ni tẹ́lẹ̀. Òfin Homestead ti 1862 ló pín ilẹ̀ fáwọn àgbẹ̀, éékà 160 fún ẹnì kan. Wọ́n tú ọ̀dàn tí kò tíì rí ọkọ́ rí, wọ́n gbin àlìkámà sí i. Nígbà tí ọ̀dá dé ní àwọn ọdún 1930, kò sí gbòǹgbò tó lè di erùpẹ̀ mú mọ́, ẹ̀fúùfù gbé e lọ, àwọn àgbẹ̀ sì kó ẹrù wọn. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ náà padà, òfin Bankhead-Jones ti 1937 sì fún un lágbára láti ṣe é. Ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ Forest Service, ní 1960 wọ́n sọ ọ́ ní National Grassland. 20 ni gbogbo wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4 éékà. Little Missouri nìkan ní North Dakota ju mílíọ̀nù kan éékà lọ. Fort Pierre tó lókìkí fún adìẹ ọ̀dàn (bí èmi ṣe ń pe prairie chicken nìyẹn) tó bí éékà 116,000.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni ìjẹ̀ ẹran ti wà lára iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún ilẹ̀ náà. Ìwé tó bá sọ pé kí wọ́n kó gbogbo màlúù jáde, ẹnu ọ̀nà ló máa kú sí.

Ẹnu mẹ́ta ló máa ń sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ yìí. Ọdẹ ní màlúù ló pa ẹyẹ. Ọlọ́màlúù ní láyé bàbá òun àgbà lòun ti ń jẹ koríko yìí, àwọn ọdẹ ló ń ṣí géètì láì tì í. Àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ ní kí tọ̀tún tòsì jáde, kí ọ̀dàn sinmi. Mo gbọ́ ti kálukú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ọ̀dàn sinmi títí ló fẹ́ ṣe ìpalára tó pọ̀ jù fún ẹyẹ.

---

Ìyá Bismarck:

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé abo adìẹ ọ̀dàn kan yípo ọdún, ọ̀rọ̀ á tètè yé wa.

Láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, kí oòrùn tó yọ, àwọn akọ á ti péjọ sórí òkè kékeré kan. Wọ́n á fẹ àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn wọn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èso ọsàn tó pọ́n, wọ́n á máa fẹsẹ̀ jan ilẹ̀, ohùn wọn á máa dún bí ẹni fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sẹ́nu ìgò. Koríko ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, kí wọ́n lè tètè rí àwòdì. Òkè yẹn kan náà ni wọ́n máa ń padà sí lọ́dọọdún.

Abo á wá síbẹ̀ yan akọ tó wù ú, á sì lọ ṣe ìtẹ́ tirẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju máìlì méjì sí pápá ijó náà. Ẹyin 10 sí 12 ló ń yé, ó ń sàba lé e fún bí ọjọ́ 24. Koríko tó ga láti ojúgun dé orúnkún ló ń wá fún ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ní òpin oṣù Kẹrin, koríko ọdún yìí ò tíì hù dé ibì kankan. Koríko èṣí, èyí tó ti gbẹ tó sì ṣì dúró, òun ló ń fi bo ara rẹ̀.

Nígbà tí ẹyin bá pa, láti òpin oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà, ohun mìíràn ló tún ń wá. Ọmọ ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tóbi bí àtàǹpàkò, kòkòrò nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò lè la koríko tó di pọ̀ bí ẹní já. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ koríko kí ó lè sáré, ewé olódòdó sì gbọ́dọ̀ bò ó lókè nítorí àwòdì. Tí ìrì bá rin ín, tí kò sí ibi tí oòrùn ti lè yá a, òtútù á pa á.

Nítorí náà ẹyẹ kan ṣoṣo ń fẹ́ koríko kúkúrú, koríko gíga àti koríko olódòdó láàárín máìlì méjì síra wọn. Pápá tó kúrú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ń pa ìtẹ́. Pápá tó ga láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ń pa ọmọ.

---

Ará Sioux Falls:

Ìyá mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹnu ara yín lẹ fi dá mi láre. Tí abo bá ń fi koríko èṣí bo ìtẹ́, ṣebí màlúù ló jẹ koríko èṣí ọ̀hún?

---

Ìyá Bismarck:

Bó bá jẹ́ gbogbo pápá ló jẹ bẹ́ẹ̀, àre tìrẹ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ṣírò, ká yé wo koríko lójú lásán.

Ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn ìjẹ̀ níbí ni AUM: koríko tí màlúù kan tó wọ̀n 1,000 pọ́ùn, tòun ti ọmọ rẹ̀, máa jẹ lóṣù kan. 26 pọ́ùn koríko gbígbẹ lójúmọ́, ó di 780 lóṣù. Mú pápá 640 éékà, ìyẹn máìlì kan ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ká ní éékà kọ̀ọ̀kan ń mú 1,500 pọ́ùn wá lọ́dún tí òjò bá rọ̀ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 960,000. Ìdá mẹ́rin kan péré ni wọ́n máa ń kà sí ẹnu màlúù, 240,000. Ìdajì gbọ́dọ̀ dúró sórí ilẹ̀, ìdá mẹ́rin tó kù á bá pátákò, kòkòrò àti ìgbẹ́ lọ. Pín 240,000 sí ọ̀nà 780, ó jẹ́ AUM 307. Tí màlúù bá máa lo oṣù márùn-ún, orí 61 ni pápá yẹn gbà.

Ibo ló ti máa ń bàjẹ́? Àkọ́kọ́, màlúù òde òní ti ga ju màlúù inú ìwé lọ. Ọ̀pọ̀ wọn wọ̀n 1,300 pọ́ùn. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka orí kan sí ẹyọ kan láìka ìwọ̀n rẹ̀ sí, 61 yẹn ń jẹun bí 79. Ìkejì, ọ̀dá. Tí koríko bá dín sí ìdajì, iye tó tọ́ di 30, ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́màlúù á fi gbà pé ọ̀dá ni lóòótọ́, oṣù Keje ti dé, ẹran ti jẹ ìpín ẹyẹ. Ìkẹta ni omi. Màlúù kì í rìn jìnnà sí omi bí koríko bá ṣì wà nítòsí. Wọ́n á fá etí kòtò omi bí orí ọmọ ìkókó, igun pápá tó jìnnà á sì wà bí wọ́n ṣe bá a. Tí o bá da méjèèjì pọ̀, ìwé á sọ pé pápá wà dáadáa.

Bí ẹ ṣe rí ìdajì máìlì tó kúrú yẹn, omi ò sí nítòsí?

---

Ará Sioux Falls:

Ọpọ́n omi irin ńlá kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìfafẹ́fẹ́fami wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò rìn kọjá òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

---

Ọdẹ Aparò:

Ẹ̀yìn òkè yẹn ló yẹ kó o lọ.

Mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí "màlúù nílé" tí o mẹ́nu bà, torí ó ń dun gbogbo wa. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, ẹran wọ oko olóko, ó jẹ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí ẹnì kan fi òógùn gbìn. Ti ibí yìí, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló yí pápá ká, iye orí ẹran, ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde wà nínú ìwé àṣẹ, ẹnikẹ́ni ló sì lè béèrè láti rí ìwé náà. Má fi ìbínú ti ọ̀hún dájọ́ ti ibí. Ọ̀dàn yìí bá ẹran ńlá dàgbà. Kí màlúù tó dé, ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń jẹ ẹ́, lọ́nà mílíọ̀nù, wọ́n á jẹ ibì kan mọ́lẹ̀ pátápátá, wọ́n á ṣí lọ, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó padà. Ohun tí wáyà gbà lọ́wọ́ ọ̀dàn ni ìṣílọ yẹn.

---

Ọmọ Kansas:

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ iná.

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè, ilẹ̀ tẹ́ ẹ rí tó dúdú ní oṣù Kẹsàn-án, kì í ṣe iná ìtọ́jú tìgbà ìrúwé. Pápá tí wọ́n bá sun ní oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, kó tó di oṣù Kẹsàn-án koríko rẹ̀ á ti dé ojúgun, èèyàn ò sì ní mọ̀ pé iná kọjá níbẹ̀ àfi tó bá wo ìdí koríko. Dúdú ní oṣù Kẹsàn-án sábà máa ń túmọ̀ sí mànàmáná, tàbí ọkọ̀ tẹ́nì kan gbé sórí koríko gbígbẹ. Páìpù èéfín lábẹ́ ọkọ̀ máa ń gbóná tó láti dáná. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí òkúta tàbí ilẹ̀ tó mọ́, kí ṣọ́bìrì àti jálá omi méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdẹ.

Nílé, ọdẹ mọ̀ pé ìgalà kì í jìnnà sí ọ̀mùnú tó hù lẹ́yìn iná. Òun náà ni níbí. Koríko tó hù lẹ́yìn iná dùn lẹ́nu màlúù ju gbogbo ìyókù lọ. Lórí ìyẹn ni wọ́n ti rí ọgbọ́n kan tí wọ́n dán wò dáadáa ní Oklahoma: dípò kí wọ́n fi wáyà pín pápá sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sun ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dún yìí, ìdá kejì lọ́dún tó ń bọ̀, ìkẹta lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Màlúù á kóra jọ sórí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, wọ́n á pa ìyókù tì. Ẹ wo ohun tó jáde: ìdá kan kúrú fún ijó akọ, ìdá kejì kún fún ewé olódòdó àti kòkòrò fún ọmọ, ìkẹta ga fún ìtẹ́. Ohun tí Ìyá Bismarck ka sílẹ̀ pé pérépéré, wáyà kan ò sì wọ inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé iná jẹ́ ògùn fún gbogbo nǹkan. Níbí ní Flint Hills, àṣà àwọn kan ni pé kí wọ́n sun gbogbo pápá wọn lọ́dọọdún ní ìgbà ìrúwé, kí wọ́n sì da ẹran ọ̀dọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Màlúù ń sanra níbẹ̀. Adìẹ ọ̀dàn ò sì ní koríko èṣí kankan tó lè yé ẹyin sí, nítorí iná ti jó o tán. Ní ìdàkejì, níbi tí iná ò ti dé fún ogún ọdún, igi kédárì pupa ló gbà á. Adìẹ ọ̀dàn kì í fẹ́ sún mọ́ igi, torí ibẹ̀ ni òwìwí àti àwòdì ń bà lé. Kédárì tí kò tíì ga tó èèyàn, iná koríko lásán ń pa á. Èyí tó bá ti ga jù bẹ́ẹ̀, ayùn ni. Ẹ gé e lábẹ́ ẹ̀ka tútù tó kéré jù, kò ní hù mọ́.

---

Ará Sioux Falls:

Ọmọ Kansas, mo gba ti ilẹ̀ dúdú, mo ṣìnà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé iná rọrùn. Tó bá já ńkọ́?

---

Ọmọ Kansas:

Kò rọrùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ̀wé ètò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná.

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ jẹ́ máìlì 5 sí 15 ní wákàtí kan, kó máa fẹ́ láti ọ̀nà kan náà. Afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ rọ́rọ́ léwu, nítorí èèyàn ò mọ ibi tó máa yí sí. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ láàárín 30 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá wá sísàlẹ̀ 25, ẹ̀ṣẹ́ná kékeré ń ran nǹkan.

Ìpẹ̀kun pápá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ sí ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ ṣáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ti ro. Iná yẹn á máa fi ẹ̀yìn rìn lódì sí afẹ́fẹ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí tó fi jẹ ilẹ̀ dúdú fífẹ̀ kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Iwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ló kẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni iná ńlá á wá sáré, tí á sáré wọ ilẹ̀ tó ti jó, tí á kú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣá iwájú ló ń lé iná kiri àwọn àgọ́ aládùúgbò.

Lẹ́yìn iná ni ewu tí àwọn èèyàn ń gbàgbé. Ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ àti ọ̀pá ọgbà àtijọ́ máa ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán á dé, á gbé ẹ̀ṣẹ́ná rẹ̀ sọdá. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Tó bá ṣì gbóná, ẹ bomi sí i, ẹ tú u ká, ẹ tún bomi sí i.

---

Ìyá Bismarck:

Mo fẹ́ fi èyí kún un fáwọn tó ń ní "ẹ jẹ́ kí ọ̀dàn sinmi". Ẹ lọ wo ilẹ̀ tí màlúù ò wọ̀, tí iná ò kàn, fún ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlà oòrùn Dakota. Láti òkèèrè ó tutù, ó lẹ́wà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ là á. Koríko gbígbẹ tó ti wó léra lórí á nípọn bí fóòmù ibùsùn, ìka yín ò ní kan ilẹ̀. Koríko méjì ló máa kù: Kentucky bluegrass àti smooth brome, àlejò ni méjèèjì. Òdòdó ti lọ, kòkòrò tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹyẹ ti ń kú.

Àwọn méjèèjì yìí tètè máa ń hù kí koríko ìbílẹ̀ tó jí. Nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá ti yọ ewé mẹ́ta sí márùn-ún, tí àwọn ìbílẹ̀ ṣì ń sùn, ni kí iná tàbí ẹnu màlúù kàn wọ́n. Lápá àríwá, ìyẹn bọ́ sí òpin oṣù Kẹrin sí àárín oṣù Karùn-ún. Ó bá àkókò ìtẹ́ pàdé, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ṣe gbogbo ilẹ̀ lọ́dún kan. Tí o bá ṣe é ní oṣù Keje, koríko ìbílẹ̀ lo ń fìyà jẹ, brome á máa yọ̀.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Lincoln:

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya díẹ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní. Ṣé mo lè gbé ìbọn wọ ilẹ̀ ìjọba rárá?

---

Ọdẹ Aparò:

Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà lórí físà onígbà-díẹ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó yọ ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún un sílẹ̀. Nítorí náà láísẹ́ǹsì ni kó ṣáájú ìbọn, má ṣe é lódìkejì. Kí ọjọ́ orí láísẹ́ǹsì náà má tíì kọjá, kó wà lára rẹ nígbà gbogbo tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ. Bá agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀rọ̀ físà sọ̀rọ̀ kó o tó náwó, torí àṣìṣe níbí lè lé èèyàn kúrò nílùú. Ẹ̀kọ́ ọdẹ náà wà: North Dakota ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn 1961, Minnesota lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn 1979.

Ẹ ṣọ́ra fún ààlà pẹ̀lú. National Grassland kì í ṣe odindi, ó dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ àdáni wà láàárín rẹ̀. Wáyà kì í ṣe ààlà lọ́pọ̀ ibi, máàpù orí fóònù tó ń fi orúkọ onílẹ̀ hàn ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì gbé e sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílùú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lọ́hùn-ún. Ní South Dakota, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó ṣọdẹ lórí ilẹ̀ àdáni, bóyá onílẹ̀ fi àmì síbẹ̀ tàbí kò fi. Ní North Dakota, àmì ló ń ti ilẹ̀, àti pé láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn onílẹ̀ lè fi àmì náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì ri ọ̀pá kankan mọ́lẹ̀.

---

Ọdẹ Aparò:

Mo padà sí ìbéèrè kejì, níbo ni ẹyẹ wà.

Sharptail ní oṣù Kẹsàn-án ń jẹun lówùúrọ̀ lórí òkè àti létí rẹ̀. Tí oòrùn bá ti mú, á wọ abẹ́ igi eléso kéékèèké, chokecherry tàbí plum, níbi tí ibòji wà. Tí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ wá a ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí afẹ́fẹ́ ò dé, nísàlẹ̀ ṣóńṣó díẹ̀. Ẹ má rìn láàárín àfonífojì, ẹ rìn lórí ẹ̀yìn òkè.

Ẹyẹ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá pa, ẹ fi ọ̀bẹ la àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ kó tó tutù. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni máàpù ọjọ́ náà. Tó bá jẹ́ tata ló kún un, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì dúró ṣánṣán, ẹ lọ síbi koríko kúkúrú tó kan koríko gíga, ẹ̀bá pápá tí màlúù jẹ gan-an. Tó bá jẹ́ èso rose pupa, ẹ lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí igbó rẹ̀ ò ju orúnkún lọ. Tó bá jẹ́ ewé alfalfa, ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran, ẹ yẹ ààlà oko aládùúgbò wò, kẹ́ ẹ sì dúró sí ìhà tìjọba. Ẹ rí i pé koríko kúkúrú tó ń bí Ará Sioux Falls nínú, ẹ̀bá rẹ̀ ni ẹyẹ ti ń jẹ tata. Ibi tó ti kan koríko gíga ni kí ẹsẹ̀ yín wà.

Wọn kì í fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á fò, méjì á tẹ̀ lé e, ẹni tó bá sáré lọ gbé èyí tó já á rí i tí mẹ́rin tó kù ń fò nígbà tí ìbọn rẹ̀ ṣófo. Ẹ dúró, ẹ ki ọta, ẹ ka mẹ́wàá. Mẹ́ta lójúmọ́ ni South Dakota gbà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ọta: ọta òjé nọ́ńbà 6 tó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa kọjá sórí Waterfowl Production Area, ilẹ̀ olómi tí wọ́n ń fi owó Duck Stamp (òǹtẹ̀ tí ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ń rà) rà láti ìgbà òfin 1958, òjé ti di èèwọ̀ níbẹ̀, kódà fún ẹyẹ orí ilẹ̀. Ọta irin fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà méjì gbé e tóbi: ẹni tó ń lo òjé 6, kó lo irin 4. Kí ẹnu ìbọn ṣí díẹ̀, má fi irin sínú choke (ohun tó ń fún ẹnu ìbọn) tó há jù tàbí ìbọn àtijọ́ tí wọn ò ṣe fún un. Mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn kí wọ́n kúkú gbé irin nìkan, torí àpò kan kì í sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá ọdẹ pé òjé inú òun kì í ṣe tòní.

Ajá: tí ooru bá ti kọjá 70 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, lítà omi mẹ́ta fún ajá kan fún òwúrọ̀ kan, kẹ́ ẹ sì dáwọ́ dúró kó tó di aago mọ́kànlá. Ẹ yẹ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti etí rẹ̀ wò, irúgbìn koríko needle-and-thread ń gún wọlé bí abẹ́rẹ́, kì í sì í padà jáde. Paramọ́lẹ̀ tó ń mi ìrù pariwo (rattlesnake) náà wà lápá ìwọ̀ oòrùn, pàápàá lẹ́bàá ihò prairie dog, ẹranko kékeré kan tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́.

---

Ará Sioux Falls:

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Ìwé ẹ̀hónú mi ti yí padà lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dákẹ́. Tí pápá kan bá wà tí wọ́n jẹ lódindi, tí kì í ṣe etí omi nìkan, kí ni kí n kọ tí wọn ò ní jù sínú agbọ̀n?

---

Ìyá Bismarck:

Kọ nọ́ńbà.

Wá ọ̀pá gbọọrọ kan, mítà kan àti ààbọ̀. Fi ọ̀dà funfun àti pupa kùn ún lẹ́sẹẹsẹ, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ọ̀pá Robel ni wọ́n ń pè é, Kansas ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1970, àwọn òṣìṣẹ́ Forest Service mọ̀ ọ́n bí owó. So okùn mítà mẹ́rin mọ́ ọn, kí o sì sàmì sí ọ̀pá kejì ní gíga mítà kan. Ri ọ̀pá àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, fa okùn náà tán, gbé ojú rẹ sí àmì mítà kan lórí ọ̀pá kejì, kí o wo àwọ̀ tó kéré jù tí koríko ò bò tán. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣe é láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pín in sí mẹ́rin, ìyẹn jẹ́ ìwọ̀n ojú kan.

Ogún ojú lórí pápá kan, ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún síra wọn ní ìlà tààrà, láì yan ibi tó wù ọ́. Tí o bá yan, wọ́n á mọ̀. Kọ bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí omi tó, kí wọ́n má bàa ní etí kòtò lo lọ wọ̀n.

Ìgbà méjì ló ṣe pàtàkì: òpin oṣù Kẹwàá nígbà tí màlúù bá ti jáde, àti ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹrin kí koríko tuntun tó hù. Yìnyín máa ń wó díẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín méjèèjì, nítorí náà èyí tí kò tó ní oṣù Kẹwàá kò lè tó ní oṣù Kẹrin.

Lẹ́yìn náà lọ sí ọ́fíìsì ẹkùn tí pápá yẹn wà lábẹ́ rẹ̀, béèrè ètò ìjẹ̀ pápá náà ní nọ́ńbà rẹ̀. Gíga koríko tí wọ́n ṣèlérí láti fi sílẹ̀ wà nínú ètò ìlò ilẹ̀ wọn. Fi tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Má béèrè pé kí màlúù jáde. Béèrè ohun mẹ́ta: kí orí ẹran dín sí iye tí ìwọ̀n ìsinsìnyí gbà, kí pápá kan nínú mẹ́ta sinmi lọ́dọọdún kí koríko èṣí lè wà, kí wọ́n sì gbé omi kejì sí igun tó jìnnà. Ọlọ́màlúù tó gbọ́n á bá ọ fọwọ́ sí ìkẹta, torí òun náà ń pàdánù koríko tó wà lọ́hùn-ún.

Tí o bá ti ní ọ̀pá náà kó tó di òpin oṣù Kẹwàá, fi orúkọ pápá ránṣẹ́ síbí. Èmi á wọn àwọn tó wà lápá ọ̀dàn Sheyenne ní North Dakota, ẹ̀gbọ́n Ọdẹ Aparò á mú Fort Pierre.

---

Ọdẹ Aparò:

Mo ti gbà. Ọ̀dà pupa ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe àwọ̀ ewé.